Bí Mọ́tò Gbénga Ṣe Fẹsẹ̀ Rìn Dé Ẹ̀pẹ́

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ẹ̀yin ará Lásùnwọ̀n ní Ìkòròdú ti ń bi mí pé irú Ẹ̀pẹ́ wo ni mo lọ tí mo fi lo ọjọ́ méje gbáko. Mo ti sọ ọ́ fún fọkanáísà, mo sọ ọ́ fún onílé mi, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mejì, kò sì sí ẹni tó gbà mí gbọ́ nínú wọn. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá tún bi mí, ìwé ni n ó nà sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa ń mu ẹ̀kọ níbí láàárọ̀, wọ́n á jẹ ọ̀sán ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n á sì padà wá jẹ alẹ́ nílé. Ẹ kú orí ire. Mọ́tò tí àwa gbé lọ, ìka mẹ́rin ló wà láàárín ikùn rẹ̀ àti ilẹ̀.

Kì í ṣe mọ́tò mi. Ẹni tó bá ti wá ṣe aláìmẹ́ǹtì lọ́dọ̀ mi, ìyẹn kí a to ojú táyà kó lè wo iwájú tààrà, á ti rí i rí: mọ́tò asáré aláwọ̀ búlúù, ìjókòó méjì péré, imú rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Gbénga ló ni ín. Inú ẹ̀sítéètì ló ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Erékùṣù Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ra mọ́tò náà nígbà tí iṣẹ́ gbè é. Ọdún tó kọjá ni àìsàn kídìnrín mú un lọ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Kì í ṣe mọ́tò ló pa á. Mo tètè ń sọ èyí nítorí òun ni gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ bi mí.

Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí, jẹ́ mátírọ́nù ilé ìwòsàn kó tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Lẹ́yìn tí Gbénga kú, ó ní Ìkòròdú tó òun, òun ń padà sílé bàbá òun. Ọkọ̀ akẹ́rù kó bẹ́ẹ̀dì, ó kó àga, ó kó fíríìjì. Ó wá ku mọ́tò Gbénga nínú ọgbà. Ẹni tó ń kó ẹrù ní kò le, òun á gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ kan náà.

Mọ̀mí ní rárá. "Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé Gbénga fúnra rẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́. Mọ́tò rẹ̀ máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ̀lú."

Bó ṣe ránṣẹ́ pè mí nìyẹn.

Aláìsàn

Mo bá a nínú ọgbà, ó dúró ti mọ́tò náà, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, jígí rẹ̀ wà ní ṣóńṣó imú.

"Káyọ̀, kí ló ń ṣe é?"

"Sítíárìn ẹ̀ ò dúró lójú kan, mà. Lórí ọ̀nà tó tẹ́jú kò sí wàhálà. Tó bá ti kan gálọ́ọ̀pù, á fò lọ sí ẹ̀gbẹ́."

"Ẹ̀gbẹ́ wo?"

"Èyí tó bá wù ú, mà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ṣé ó ṣeé wò?"

"Ó ṣeé wò, mà."

"Wò ó. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí Gbénga bá ṣe sí mọ́tò yìí, má yí i padà. Bó ṣe wọlẹ̀ yìí, bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Èyí tó kù, ọwọ́ ẹ ló wà."

Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Ibí ni ó ti yẹ kí n sọ òótọ́, kí ẹ má bàa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Wíwọlẹ̀ tó wọlẹ̀ yẹn gan-an ni àìsàn rẹ̀. Nígbà tí Gbénga rà á, ó ga tó bó ṣe yẹ kó ga. Gbénga ní ó dúró bí mọ́tò olùkọ́. Ó ní kí wọ́n gé sípíríǹgì iwájú méjèèjì kúrú kó lè wọlẹ̀ dáadáa. Wọ́n sì gé e. Ẹni tó gé e, lọ́jọ́ Sátidé kan, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí a fi ń gé irin, èmi ni.

Fún ẹni tí kò mọ̀ nípa mọ́tò, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí táyà bá gun gálọ́ọ̀pù, ó yẹ kó lọ sókè tààrà, kó sì padà sílẹ̀ tààrà. Irin méjì ló ń bá a lọ: apá tó gbé táyà dúró, àti ọ̀pá tó ti ìdí sítíárìn wá. Bí mọ́tò bá wà ní gíga tí wọ́n ṣe é mọ́, irin méjèèjì á jọ gòkè, wọ́n á jọ sọ̀ kalẹ̀, bí tọkọtaya tó jọ gbé àpótí. Bí ẹ bá gé sípíríǹgì, ọ̀kan á dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ju èkejì lọ. Táyà bá wá gòkè, ọ̀pá yẹn á fà á, ojú rẹ̀ á yà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó di sítíárìn mú kò yí nǹkan kan. Mọ́tò ló dá a rò.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀. Mi ò sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi tún gbogbo ohun mìíràn ṣe. Mo pààrọ̀ búṣì, ìyẹn rọ́bà tó wà láàárín irin àti irin. Mo pààrọ̀ orí ọ̀pá sítíárìn. Táyà tí Gbénga lò fẹ̀ jù, gbogbo ipa tí ọkọ̀ ńlá bá fi sójú títì ló máa ń fẹ́ tẹ̀ lé. Mo fi èyí tó mọ níwọ̀n rọ́pò rẹ̀. Mo ṣe aláìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ ràn án lọ́wọ́, bí omi tútù ṣe ń ran ẹni tí ibà ń ṣe lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìrìn-àjò, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo lọ ra sípíríǹgì odindi méjì, tòkunbọ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe mọ́tò náà mọ́. Mo dì í sínú àpò gàrí, mo kì í sẹ́yìn ìjókòó. Mọ̀mí bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní jáàkì ni.

Ìmọ̀tà

Ẹ̀yin ń sọ pé ẹ mọ ọ̀nà Ìmọ̀tà. Inú ọkọ̀ gíga lẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá jókòó nílẹ̀ bí ti èmi àti Mọ̀mí, ọ̀nà mìíràn ló ń rí. Bàtà àwọn ènìyàn la ń rí, àti ikùn ewúrẹ́. Gálọ́ọ̀pù tí ẹ̀yin ń kọjá bí ẹni kọjá lórí ẹní, à ń gùn ún ni, à ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, a sì ń kí ara wa kú ewu. Obìnrin kan tó ru igi ìdáná kọjá wa níbi tí a ti ń yẹ kòtò. A kọjá rẹ̀ níwájú. Ó tún kọjá wa. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní ẹ kú ìrìn o.

Ní Ìmọ̀tà a dúró jẹun, nítorí ó ti rẹ apá mi láti máa di sítíárìn mú. Ẹ̀wà àti dòdò ni. Ẹni tó bu oúnjẹ fún wa kò bi wá ní ohunkóhun, ó kàn fi dòdò mẹ́ta lé ti Mọ̀mí lórí. Ará Ìmọ̀tà kì í pariwo sí nǹkan àjèjì. Wọ́n yí mọ́tò náà ká, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ń wò ó bí ẹni wo ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà.

Bàbá àgbàlagbà kan wá bá mi nídìí oúnjẹ.

"Ẹni mélòó ló ń gbé?"

"Méjì ni, bàbá."

"Àwọn ọmọ ńkọ́? Níbo ni wọ́n ń jókòó sí?"

"Kò sí àyè ọmọ nínú ẹ̀, bàbá."

"Ó dáa. Ó ń gbé ẹrù ni."

"Kì í gbé ẹrù, bàbá."

Bàbá ronú. "Kí ló wá ń ṣe?"

"Ó ń sáré ni, sà."

Ó wo ọ̀nà tí a gbà wá. Ó wo ọ̀nà tí à ń lọ. Ó wá bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Níbo?"

Mọ̀mí gbé ṣíbí sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Gbénga ti kú, mi ò tíì rí eyín obìnrin yẹn. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń rò ó pé ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ sípíríǹgì yẹn fún un báyìí. Mo bu ẹ̀wà sẹ́nu.

Ìtòìkín

Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé Ìtòìkín, títì náà dára lójijì. Ohun tó bá dára lójijì ni kí ẹ máa bẹ̀rù.

Mọ̀mí ní, "Ṣé bó ṣe lè rìn mọ nìyí? Gbénga ní ó ń sáré."

Mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó gbọ́. Afẹ́fẹ́ ń wọlé, Mọ̀mí di gèlè rẹ̀ mú, inú rẹ̀ dùn. Ibì kan wá wà tí ọ̀dà ti wú sókè lójú títì, kò ga ju ìgbálẹ̀ tí ènìyàn fi sílẹ̀ lọ. Táyà ọwọ́ ọ̀tún gùn ún. Sítíárìn já mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹja àrọ̀ ṣe ń já. Mọ́tò náà kúrò lójú títì, ó dorí kọ ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Mo fà á. Ọkùnrin náà jọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Àárín òun àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ la gbà kọjá. A wọ inú koríko, a dúró.

Mọ̀mí di ọrùn ọwọ́ mi mú. Mo rò pé ẹ̀rù ló bà á, àṣé bí iṣan mi ṣe ń lù ló ń kà. Nígbà tó kà á tán, ó ka tirẹ̀.

Ọkùnrin náà gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dìde. Ó gbọn ìyẹ̀pẹ̀ lára ṣòkòtò, ó rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ gan-an kó tó lè rí ojú wa lójú fèrèsé.

"Ẹ kú ìrìn o," ó wí. "Ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń wa mọ́tò yìí ni, àbí mọ́tò ló ń wà yín?"

Bàbá Onígẹdú ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí. Létí omi, níwájú díẹ̀, ló ti ń la gẹdú. Ẹni tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ pa, òun náà ló ṣáájú wa lórí kẹ̀kẹ́, tí à ń rọra tẹ̀ lé e bí ọmọ àgùntàn, títí a fi dé ọgbà rẹ̀. Ó ní kí a jókòó lórí ìtì igi, ó lọ wá omi fún wa. Kò bi wá ní ìbéèrè kankan. Mo ti ṣàkíyèsí i pé bí ènìyàn ṣe ń kúrò ní Ìkòròdú tó, ni ìbéèrè ń dín kù tó.

Mo ń wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà bó ṣe ń lọ, ẹsẹ̀ méjèèjì pé. Mo sọ ọ́.

"Mọ̀mí, sípíríǹgì iwájú ló ń fa gbogbo ẹ̀. Wọ́n gé e."

"Mo mọ̀. Gbénga gé e."

"Gbénga kọ́, mà. Gbénga ló ní kí wọ́n gé e. Èmi ni mo gé e."

Ó bọ́ jígí rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún. Ó pẹ́ lórí ẹ̀.

"Nígbà tó o fẹ́ gé e, ṣé o mọ̀ pé ohun tó máa ṣe nìyí?"

"Mo mọ̀ pé á máa jó, mà. Mo sọ fún un. Ó ní kò burú. Mo sì gé e."

"Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá, o wá ń tún nǹkan mìíràn ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Bí nọ́ọ̀sì bá fún aláìsàn ní oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀," ó wí, "tí aláìsàn ń gbọ̀n, tí nọ́ọ̀sì wá ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Kí là ń pe irú ẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Èmi náà ò mọ orúkọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti lé ènìyàn méjì tó ṣe é lẹ́nu iṣẹ́."

Ó fi jígí rẹ̀ padà. "Èyí tí wọn ò gé, níbo la ti lè rí i?"

"Ó wà lẹ́yìn ìjókòó yín, mà. Inú àpò gàrí yẹn."

"O ní jáàkì ni."

"Jáàkì náà wà níbẹ̀, mà."

Ó dìde, ó rìn lọ sétí omi. Àwọn ìtì igi tí wọ́n so pọ̀ ń léfòó níbẹ̀. Ó dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo rò pé ó máa wọ ọkọ̀ mìíràn lọ, kó fi èmi àti mọ́tò sílẹ̀ níbẹ̀. Mo ti ń ronú ohun tí n ó sọ fún ìyàwó mi. Nígbà tó padà dé, oòrùn ti yí sí ẹ̀yìn igi.

"Ohun tí mo fẹ́ fi pa mọ́," ó wí, "ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ẹlòmíràn. Fi èyí tó pé sí i."

Nídìí gẹdú

Ọjọ́ ti lọ, a ò lè ṣe é tán. Ilé Bàbá Onígẹdú la sùn. Ẹ̀bà àti ẹja àrọ̀ ni ìyàwó rẹ̀ fi ṣe wá lálejò, ọbẹ̀ náà ta débi pé mi ò lè sọ̀rọ̀, èyí tó dára fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí a jẹun tán ni ọkùnrin náà tó ní kí a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọkọ̀ ojú omi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá gbẹ́ inú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ." Ó wá kí wa pé ó dàárọ̀.

Láàárọ̀, ṣéènì tí wọ́n fi ń gbé ìtì igi la fi gbé iwájú mọ́tò náà sókè. A fi gẹdú mẹ́rin tó nípọn tì í nísàlẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ lórí jáàkì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ rí. Ẹ gbà mí gbọ́, igi ìrókò ń fi ènìyàn lọ́kàn balẹ̀.

Mọ̀mí ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Ó tẹ́ aṣọ funfun kan sórí pákó, ó to àwọn irinṣẹ́ mi sí i láti kékeré dé ńlá. Mo wà lábẹ́ mọ́tò, mo na ọwọ́ jáde, kí n tó sọ̀rọ̀, sípánà ti dé àtẹ́lẹwọ́ mi. Òun gan-an ni mo fẹ́. Mi ò mọ bó ṣe mọ̀. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló fún mi ní èyí tí mi ò fẹ́. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, tirẹ̀ ló tọ̀nà.

Mo yọ sípíríǹgì tí a gé, mo gbé e sílẹ̀. Ó mú un, ó fi ìka tọ ojú ibi tí mo ti gé e. Gígé náà ò dọ́gba. Ó wo ojú mi.

"Ọwọ́ mi ò balẹ̀ lọ́jọ́ náà, mà," mo wí.

Ó fi aṣọ funfun wé e, ó gbé e sínú àpò ara rẹ̀.

Nígbà tí àwọn odindi wọlé tán, imú mọ́tò náà gbé sókè. Mo wò ó lábẹ́: apá àti ọ̀pá ti bára dọ́gba. Ṣùgbọ́n gbogbo aláìmẹ́ǹtì tí mo ti ṣe ti bàjẹ́ báyìí, ẹ̀rọ mi sì wà ní Lásùnwọ̀n. Bàbá Onígẹdú fún mi ní okùn tí wọ́n fi ń wọn pákó. Mo na okùn náà láti ẹ̀yìn dé iwájú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti irin táyà níwájú àti lẹ́yìn, mo ń yí ọ̀pá sítíárìn díẹ̀díẹ̀ títí táyà iwájú méjèèjì fi wo iwájú bó ṣe yẹ. Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn kí kọ̀ǹpútà tó dé. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi nítorí kọ̀ǹpútà, ẹ má bínú.

Nígbà tí a fẹ́ lọ, Mọ̀mí jókòó síbi sítíárìn.

"Mọ̀mí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wà á wò."

"O ti wà á wò lánàá."

Mo lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bàbá Onígẹdú ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sára ògiri kó tó juwọ́ sí wa.

Gálọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ dé. Mọ̀mí ò sá fún un, ó gùn ún. Iwájú lọ sókè, iwájú padà sílẹ̀, mọ́tò náà ń lọ síbi tó dojú kọ. Ìkejì dé, ìyẹn tóbi jù. Bákan náà. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ̀wọ́ sítíárìn pátápátá, ìka méjì péré ló fi kàn án. Mo di ilẹ̀kùn mú. Mọ́tò náà kọjá bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tó mọ ilé tó ń lọ.

"Mú ìwé mi nínú àpò," Mọ̀mí wí. "Kọ nǹkan síbẹ̀."

"Kí ni kí n kọ, mà?"

"Kọ ọ́ pé ara rẹ̀ ti yá."

Ẹ̀pẹ́

Bí a ṣe wọ Ẹ̀pẹ́, Mọ̀mí dín eré kù. Ó wakọ̀ dé iwájú ilé bàbá rẹ̀, ó pa á, ó jókòó sínú rẹ̀. Àwọn ará ilé ti jáde. Kò sẹ́ni tó kán an lójú pé kó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n dúró lójú oòrùn títí ó fi ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i.

Kí n tó dé Ẹ̀pẹ́, ọmọ ilẹ̀ ni mo pe ara mi. Èdè wọn dà bí ti ìyá mi àgbà, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ ọ́ yára ju bí ìyá mi àgbà ṣe ń sọ ọ́ lọ, ìdajì ló ń yé mi. Àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń fi sùúrù bá mi lò bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá. Wọ́n bi mí bóyá ẹja wà ní Ìkòròdú. Mo ní ọ̀sà wà ní Ìpakodò, wọ́n sì ń pẹja ní Ìbẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni gbọ́ pé ọmọ aládùúgbò ti mọ̀wé kà díẹ̀.

Wọ́n fún mi ní ẹja láàárọ̀. Lọ́sàn-án wọ́n fún mi ní ẹja mìíràn, wọ́n ní èyí yàtọ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n se ìkọ́kọrẹ́. Mo ṣe àṣìṣe, mo ní ìyá mi náà máa ń sè é. Wọ́n ní kí n jẹ èyí tán ná, kí n wá sọ ohun tí ìyá mi ń sè. Mi ò ní kọ èsì mi síbí, nítorí ìyá mi mọ̀wé.

Ọjọ́ kẹta ni mo ní mo fẹ́ máa lọ. Ẹ̀gbọ́n Mọ̀mí, Bàbá Àlájì, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ ojú omi láti Ẹ̀pẹ́ sí Èkó, ní ẹnì kan kì í lọ láìjẹ́ pé wọ́n bá a sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́, ó pe gbogbo ilé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èmi nìkan ni wọ́n fún ní àga. Ìyẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn.

"Ta ló wa mọ́tò yìí dé?" ó bèèrè.

"Èmi ni," Mọ̀mí wí.

"Ta ló tún un ṣe?"

"Káyọ̀."

"Ta ló bà á jẹ́?"

"Káyọ̀ náà ni."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ wò mí. Mọ̀mí ní, "Sọ ohun tó o sọ fún mi ní Ìtòìkín fún wọn." Mo kúrò lórí àga, mo kúnlẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ń retí èébú. Mo tiẹ̀ fẹ́ ẹ, kó lè tán.

Bàbá Àlájì ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Lọ́jọ́ tó o gé e tán," ó wí, "kí ni ọmọ náà sọ?"

Ẹnì kan ò bi mí ní èyí rí. Mo ní láti rò ó.

Mo ní nígbà tí mo sọ mọ́tò náà kalẹ̀ kúrò lórí jáàkì, Gbénga dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹ̀wù funfun tó wọ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀ kó lè wo abẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Káyọ̀, èèrà ò lè kọjá." Ó wọlé, ó wà á lọ. Kò pẹ́ tó fi padà dé. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ẹ̀wù tó ti dọ̀tí yẹn, ó ní, "Káyọ̀, mọ́tò yìí ní ilé ẹlòmíràn tó fẹ́ lọ." Mo ní ṣé kí n wá bí a ṣe máa dá a padà. Ó ní rárá, òun á máa rọra wà á. Ó wá ní, "Má jẹ́ kí Mọ̀mí mi gbọ́ o."

Mọ̀mí bọ́ jígí rẹ̀.

"Gbogbo ẹ̀sítéètì ló ń yìn ín," ó wí. "Wọ́n ní ọmọ mi ò sáré, wọ́n ní ó ń wakọ̀ jẹ́jẹ́. Ọdún mẹ́ta. Mo ń dá wọn lóhùn pé ẹ̀kọ́ ilé ni."

Bàbá Àlájì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé gbà á, Mọ̀mí náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú, ó ń fi ọwọ́ lu itan. Nígbà tó rọlẹ̀, ó fa àga mi sún mọ́ ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó ní kí n dìde kúrò lórí ìkúnlẹ̀.

"Tún un sọ," ó wí.

Mo tún un sọ. Ó ní kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta mo gbàgbé ibi ẹ̀wù funfun, òun ló rán mi létí. Wọn ò jẹ́ kí n lọ fún ọjọ́ mẹ́ta mìíràn. Kì í ṣe nítorí mọ́tò. Àwọn tí kò sí nílé lọ́jọ́ yẹn ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, Mọ̀mí á sì ní, "Káyọ̀, sọ fún wọn."

Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó bi mí bóyá ó ku ohun tí Gbénga sọ tí mi ò tíì sọ. Mo ní gbogbo ohun tí mo rántí nìyẹn, mà. Ó ní kò burú, kí n máa lọ.

Lánàá, mo ń fi ọṣẹ fọ gíríìsì kúrò lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ Gbénga kan sọ sí mi lọ́kàn. Òjò ló dá èmi àti òun dúró ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan, ó sì sọ nǹkan kan nípa ìyá rẹ̀ àti abẹ́rẹ́. Ẹ má wulẹ̀ bi mí, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe aláìmẹ́ǹtì ní Sátidé kó tètè wá lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí mo ń lọ sí Ẹ̀pẹ́.